Dígí Tí A Lọ̀

Ẹni tó tà á fún mi ní Táíwò Róòdù kò purọ́.
Ó ní, "Ó ti ṣẹ́jú lọ́nà ọ̀kẹ́ mẹ́fà:
ìyàwó, òkú, olóṣèlú tó ń pín ìrẹsì.
Ó ṣì ku ọ̀kẹ́ mẹ́rin kó tó rẹ̀ ẹ́."
Mo kówó lé e lọ́wọ́, owó àjọ oṣù méjìlá
àti owó àgbò tí a kò pa lọ́dún iléyá.

Fúlù-fúréèmù ni. Kì í gé etí ayé kúrò;
bí ojúlé bá ṣe fẹ̀ tó ló ṣe ń gbà á wọlé,
tòun ti ìloro, tòun ti ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ níbẹ̀.
Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù márùndínláàádọ́ta
nínú àwòrán kan ṣoṣo:
o lè ka irun ìpéǹpéjú ẹṣin.
Ihò káàdì méjì, bí ọ̀kan bá gbàgbé, èkejì a rántí
(ta ló ní irú ẹ̀ nínú àwa ọmọ ènìyàn?).
Rọ́bà yí oríkèé rẹ̀ ká nítorí ọyẹ́,
ọyẹ́ Ìlọrin tí í wọnú àpótí tí a tì pa.
Bí ilẹ̀ bá ṣú, mo lè gbé agbára rẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n
kí àwòrán tó dà bí èlùbọ́ tí a kò jọ̀.
Ó wúwo lọ́rùn mi bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé.

Èyí tó wú mi lórí jù ni pé ó mọ ojú.
Gbé e sí ènìyàn, àpótí kékeré aláwọ̀ ewé kan
á fò jáde, á bà lé ẹyin ojú,
kò ní kúrò níbẹ̀,
bí eṣinṣin ojú ọmọ tó ń sùn.

Mo gbé e lọ sí Pákátà, sọ́dọ̀ Bàbá Sùbérù
tó lọ iyùn títí ọjà iyùn fi kú.
Ó jókòó lórí awọ àgbò lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́.
Àpótí ewé fò jáde,
ó bà lé iwájú orí, ó fò sórí bọ́tìnì,
ó bà lé tẹ̀sùbáà, ó padà,
ó ń wá, ó ń wá.
Ojú Bàbá ti funfun bí omi ògì, ọdún kẹjọ nìyí.
Ẹ̀rọ tí mo fowó àgbò rà kò gbà pé ojú ni.

"Kí ló ń dún wíríwírí lọ́wọ́ ẹ, Sáfúrátù?"
"Ó ń wá ojú yín, Bàbá."
"Sọ fún un pé èmi náà ń wá a."

Kí n tó sọ pé ẹ rọra,
àtàǹpàkò tó fi àádọ́ta ọdún yí iyùn lórí òkúta
ti wà lójú dígí, ó ń yí po, ó ń yí po.
"Ta ló lọ èyí?"
"Ẹ̀rọ ni, Bàbá, lókè òkun."
"Irọ́. Ọwọ́ ènìyàn wà ńbẹ̀.
Wò ó bó ṣe rọra ń fẹ́lẹ́ láti àárín bọ̀ sétí.
Orúkọ ìlú yìí gan-an, ìlọ̀ ni; má tàn mí.
Ṣé omi ni wọ́n fi lọ̀ ọ́ àbí òróró?"
N kò mọ̀. Kò sí nínú ìwé tó bá a wá nínú páálí.

Mo pa ohun tó ń wá ojú.
Mo fọwọ́ yí òrùka lẹ́ǹsì, díẹ̀ sósì, díẹ̀ sọ́tùn-ún,
bí bàbá mi ti í ṣe nígbà tí fíìmù kò ju mẹ́rìndínlógójì lọ
tí ẹnikẹ́ni kì í ṣẹ́jú lásán.
Irùngbọ̀n kọ́kọ́ yọ nínú ìkùukùu,
lẹ́yìn náà ìpéǹpéjú,
lẹ́yìn náà funfun yẹn gan-an, kedere,
bíi fèrèsé tí wọ́n ta aṣọ àlà sí.

Ọ̀kẹ́ mẹ́fà àti ẹyọ kan.

Bí ẹ bá wo àwòrán náà dáadáa, lókè lápá òsì, ó rú díẹ̀:
àtàǹpàkò Bàbá nìyẹn.
Mo ní aṣọ múlọ́múlọ́ tí a fi ń nu dígí.
Ó wà nínú báàgì.
Ó ṣì wà nínú báàgì.