Ọgbọ̀n Ọjọ́

Aago méjì òru, fóònù mi ké bí ọmọ tí àkeekèé ta.
Báńkì alájẹṣẹ́kù wa ní Alágbàká ti dákẹ́.
Sáfà kò kú o. Iná ń tàn lójú rẹ̀, fáànù ń kùn,
ṣùgbọ́n kò gba ẹyọ ọ̀rọ̀ kan mọ́:
ààyè ti tán.

Mo gun ọ̀kadà gba Òkè-Àró nínú òjò.
Kí ló jẹ ilé tán? Kì í ṣe owó àgbẹ̀,
kì í ṣe orúkọ àwọn tó ń ta kòkó fún wa.
Ẹ̀rọ ló ń ròyìn ara rẹ̀:
Mo jí. Mo mí. Mo ṣílẹ̀kùn. Mo tilẹ̀kùn.
Mo kọsẹ̀ díẹ̀. Mo dìde. Mo mí.
Ọdún mẹ́fà gbáko,
kò sẹ́ni tó gbálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀gá Fátúyì, tó wà níbẹ̀ kí n tó dé,
kò pa fáìlì kan rẹ́ rí.
"Ta ló mọ ohun tí ọ̀la máa bi wá?"
Mo bú u. Nẹ́pà mú iná lọ, mo tún un bú.

Mo wá ṣòfin: ohun tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọjọ́, kó máa lọ.
Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnì
nígbà tí ojú mi bọ́ sára ọjọ́ kan nínú oṣù Ọ̀wàrà,
ọdún tí wọ́n lé Mosúnmọ́lá kúrò ní káńtà.
Wọ́n ní ó jẹ owó kòkó bàbá kan láti Ìdànrè.
Ó búra, ó sunkún, ó kó ẹrù rẹ̀.
Fáìlì náà ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń wá òun:
Mo gba owó náà. Mo fẹ́ kọ ọ́. Iná lọ. N kò kọ ọ́.

Ìlà kan ṣoṣo, nínú mílíọ̀nù mọ́kànlá.

Mo jókòó sórí páálí títí ilẹ̀ fi mọ́.
Mo rántí ìyá mi ní Oǹdó:
èèpo kòkó kì í dé ààtàn lọ́jọ́ tí a pa á.
Á sá a, á jó o, á jọ̀ ọ́,
òkìtì tó ga jù mí lọ á di ike eérú kan,
eérú á di ọṣẹ.

Mo pa òfin dà.
Èyí tó bá ti gbó, ká tẹ̀ ẹ́ pọ̀ kó kéré,
ká gbé e sájà fún ọdún méje.
Èyí tí ẹjọ́ bá wà lórí rẹ̀, ọwọ́ kankan kò gbọdọ̀ kàn án.
"Mo mí, mo mí" nìkan ni mo gbá dànù.

Aago mẹ́jọ, báńkì ṣí; ẹni àkọ́kọ́ ń ráhùn pé a pẹ́.
Mo pe nọ́ńbà Mosúnmọ́lá. Kò lọ mọ́.
Mo tẹ ìlà yẹn sórí bébà, mo ká a sápò àyà.
Mo mọ ilé ìyá rẹ̀, lẹ́yìn Ọjà Ọba.
Ohun tí n kò mọ̀ ni iye ọjọ́
tí wọ́n fi ń tọ́jú irú nǹkan báyìí nílé yẹn.