Amọ̀ Tó Ń Rántí

Àgọ́-Ìwòyè, aago méjì òru.
Iná ti lọ; jẹnẹrétọ̀ Ṣówándé ń wúkọ́ lẹ́yìn fèrèsé.
Mò ń kán omi kíkorò sínú omi iyọ̀,
ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan,
bí ìyá mi ṣe ń sẹ́ omi eérú ọṣẹ ní Òrù.
Bí mo bá kánjú, yóò bàjẹ́.

Funfun rọ̀ sísàlẹ̀,
amọ̀ tí ọkọ́ kò gbẹ́ rí,
ó tò léra bí ojú ewé ìwé.
Mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo sun ún
títí ìpele rẹ̀ fi wó.

Da omi sí i:
ó rántí ilé, ó tún ara rẹ̀ tò.

Odùnọlá ní, "Kí ló wúlò fún?"
Mo nawọ́ sí èéfín tó ń wọlé.
"Láti gbé ìyẹn mì."
Ó rẹ́rìn-ín, ó ti fèrèsé.