Àbàwọ́n Apá Òsì

Ọ̀kẹ́ mọ́kànlélógún ló wà ní báńkì.
Mo ṣe ìṣirò sẹ́yìn rìsíìtì epo:
lẹ́ǹsì tuntun, ọ̀kẹ́ mọ́kàndínlógún;
iléèwé ní Jọ́ọ̀sì, oṣù mẹ́sàn-án, ogún,
láìka oúnjẹ.
Owó ilé ò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé ẹ̀ ni.

Aago méjì òru ní Bàrígà, bátìrì ń kú lọ,
mo ń gé fọ́nrán ìsìnkú Bàbá Adéṣígbìn.
Àbàwọ́n yẹn tún rèé, lókè lápá òsì,
ibi tí lẹ́ǹsì ti ha
lọ́jọ́ tí mo yọ̀ ṣubú létí ọ̀sà n'Ílàjẹ.

Àná, mo fẹ́ bẹ opó, ló bá fi ìka kàn án:
"Ẹyẹ yìí ò fi bàbá sílẹ̀ títí wọ́n fi bò ó.
Má yọ ọ́ o."

Ẹ̀gbọ́n mi ní ojú là ń kọ́, a kì í rà á.
Múfú tó kọ́ mi níṣẹ́ ní
ta ló ń fi ọwọ́ lásán roko?

Fọ́ọ̀mù ò kọjá Ẹtì.
Mo fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu lẹ́ǹsì,
mo kọ ojú ẹ̀ sí ògiri.
Ẹyẹ náà bà.