Ìpín Mi

Ẹgbẹ̀rún náírà ó lé àádọ́ta
ló wọlé sórí fóònù mi láàárọ̀ yìí,
ìpín mi nínú ẹjọ́ tí a bá iléeṣẹ́ iná ṣe
nígbà tí Kọ́wọ́pé ṣì ń mu ọmú.
Kọ́wọ́pé ti wọ ilé-ìwé girama.

Nígbà náà, wọn kì í wo mítà.
Wọ́n á jókòó sí ọ́fíìsì, wọ́n á fojú bù ú,
oṣù tí a fi àtùpà jẹun, owó gọbọi.

Ojúlé mọ́kànlélógójì ló fọwọ́ síwèé
ní Ṣómólú, lórí tábìlì ìtẹ̀wé mi.
Bàbá Sùbérù fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́,
ó nu yíǹkì tó kù sára ògiri.
Yíǹkì ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́yà gba ìdá kan nínú mẹ́ta. Mi ò bínú,
òun ló ń wọ kóòtù, tí wọ́n ń sún ẹjọ́ síwájú.
Àmọ́ owó mi kò ra rímù bébà kan:
iyán ọdún mọ́kànlá, òkèlè kan.

Lánàá, ọmọ iléeṣẹ́ iná kanlẹ̀kùn.
Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú mítà, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè,
ó ní, "Ẹ bá mi wò ó, mà,
kí n má baà ṣì í kọ."

Ta ni yóò bá mi ṣírò ìyẹn mọ́ ọn?