Ìka Méjì

Ní Winnipeg, lókè ilé ìtajà bàtà kan,
Marlene Friesen gbé ìka méjì sókè:
"Má yí orí. Ojú nìkan ni kó tẹ̀ lé mi."
Ọ̀tún, òsì.
Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Àgbà bíi tèmi,
tó ti wa tírélà dé Regina nígbà àìmọye,
ni wọ́n ń fi ìka bá ṣeré bí ọmọ ọwọ́.

"Láti oókan dé ẹẹ́wàá, báwo ló ṣe wúwo tó?"
Mo ní ẹẹ́wàá. Irọ́ ni. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀tún, òsì.
Yìnyín ń bọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń jọ èlùbọ́.
Ọkọ̀ kékeré kan yọ láti inú funfun.
Mo tẹ bíréèkì. Bíréèkì ò dáhùn.
Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa,
àfi wáípà mi tó ń nu gíláàsì lọ,
ọ̀tún, òsì,
bí ẹni tí ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.
Ìbọ̀wọ́ ọmọdé kan, pupa, lórí yìnyín.

Wọ́n ní ohun tójú rí, ẹnu ò lè ròyìn.
Ó dáa, ẹ jẹ́ kójú fúnra rẹ̀ rò ó.

Ọdún méjì ni mo fi ń tẹ bíréèkì lójú oorun,
títí Mosúnmọ́lá fi gbé ìrọ̀rí rẹ̀
lọ sí yàrá àwọn ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ keje rèé. "Eélòó?"
Ẹẹ́rin.
Ìbọ̀wọ́ náà ṣì pupa,
ṣùgbọ́n ó ti wà lẹ́yìn gíláàsì.
Marlene ń fọwọ́ ra apá; ó ní ó ń ro òun.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró de bọ́ọ̀sì.
Mi ò tíì lè wakọ̀.