Kí N Tó Dájọ́ Igi Kajú

Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó ti ìwé ní Ìgbàjà.
Mo ka Hébérù, mo ka Gíríìkì díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń jẹ ẹja eléegun nínú òkùnkùn.
Wọ́n fi ọ̀kadà gbé mi kọjá Òkè-Òde,
èmi, àpótí ìwé méjì,
àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ṣì ń rùn sítáàṣì,
dé abúlé tí ọ̀nà ọ̀dà ti gbàgbé.
Mo rò pé ọgbọ́n ni mo rù wá fún wọn.

Oṣù kẹta kò tíì pé
tí Àjíbóyè àti Títílóyè fi dúró sẹ́nu ọ̀nà mi,
ọmọ ìyá méjì tí wọn kì í wo ojú ara wọn.
Igi kajú mẹ́tàlélógún ló dìjà,
láàárín oko tí bàbá wọn fi sílẹ̀.
Ẹ̀gbọ́n ní òun lòun ń ro ìdí rẹ̀.
Àbúrò ní òun ni bàbá fà á lé lọ́wọ́
lọ́dún tí òun ti Kàǹjì dé.
Mo ti la ẹnu. Mo ti pín in nínú ọkàn mi:
mọ́kànlá síhìn-ín, mọ́kànlá sọ́hùn-ún,
igi kan tó kù, kó di ti ìjọ!

Bàbá Rúùtù ń gbálẹ̀ lẹ́yìn mi,
òun ló ń lu aago wa, kò mọ A yàtọ̀ sí B.
Ó húkọ́. "Pásítọ̀, ṣé ẹ ti béèrè ná?"
"Lọ́wọ́ ta?"
Kò nawọ́ sókè.
Ìgbálẹ̀ ló fi tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ,
níbi tí orúnkún rẹ̀ ti gbẹ́ kòtò méjì
sínú sìmẹ́ńtì.

Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́bọ̀.
Lóru, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀fọn ń ṣe ìsìn tiwọn létí mi.
Mo wá ọ̀rọ̀ títí, Gíríìkì mi ò yọ.
Ojú tì mí, Olúwa mi:
mo ti tọrọ alùpùpù, mo ti tọrọ aya,
mo ti tọrọ òrùlé tí kì í jò;
ọgbọ́n tí mo tọrọ kẹ́yìn, torí ìdánwò ni.

N ò gbọ́ ohùn kankan. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́.
Àkùkọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.
Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ti jókòó sí mi láyà
bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn:
Ta ló ti bi ìyá wọn?

Mo bá a nídìí agbada kajú,
oje èèpo rẹ̀ ti jó ìka rẹ̀ dúdú.
Ó wò mí títí. "Ọmọ mi, ìwọ lo kọ́kọ́ bi mí."
Ó ní ọmọ kan wà láàárín àwọn méjèèjì,
Dúrójayé, tí kò dúró.
Bàbá wọn ò sunkún. Ó gbé ọkọ́, ó lọ sóko,
oṣù kọ̀ọ̀kan tí ọmọ náà lò láyé, igi kọ̀ọ̀kan.
Oṣù mẹ́tàlélógún.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn,
Àjíbóyè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé.
Títílóyè jáde. Kò tíì wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa títí dòní,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n rí i nígbà ọyẹ́,
tó ń ro àyíká igi Dúrójayé
kí iná ìgbẹ́ má baà dé ibẹ̀.

N ò mọ̀ bóyá mo ṣe é re.
Mo kàn mọ̀ pé Ọmọ Màríà, nígbà tí wọ́n wá A kiri,
tí wọ́n bá A láàárín àwọn olùkọ́,
ìbéèrè ni wọ́n bá lẹ́nu Rẹ̀.
Mo sì mọ̀ pé Ọlọ́run kì í ta ọgbọ́n,
bẹ́ẹ̀ ni kì í rọ ọ́ sínú igbá tó ti kún.

Láàárọ̀ àná mo kúnlẹ̀ sínú kòtò Bàbá Rúùtù.
Kò bá orúnkún mi mu.
Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá ibi tiyín, Pásítọ̀. Sìmẹ́ńtì pọ̀."
Ó sì lọ lu aago.