Ilé Karùn-ún

Dókítà Ṣówándé ní kí n má yan ilé tó wù mí:
"Ka mẹ́rin, kan ilẹ̀kùn karùn-ún,
ìbáà ṣe ilé àna rẹ."

Ní Ìkìjà, lábẹ́ Olúmọ, ta ní í ka ilé?
Páànù gun páànù lórí àpáta,
ewúrẹ́ sùn dí ẹnu ọ̀nà.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Iye rẹ̀ yàtọ̀.

Mo ti kọ ìdí rẹ̀ kí n tó kúrò nílé:
òjò ni kò jẹ́ kí wọ́n dìbò.
Ó dùn ún kọ.

Ìyá Ṣótáyọ̀ wò mí. "Òjò wo?
Oòrùn ọjọ́ náà mú wa bí ẹni pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè.
Wọ́n gbé àpótí ìbò lọ sí ẹ̀bá títì nísàlẹ̀.
Ṣé orúnkún yìí ni kó sọ̀kalẹ̀?"

Mo wá rẹ́sà, n kò rí i.
Mo fi itọ́ nu òjò kúrò nínú ìwé;
ihò kékeré kù síbẹ̀.
Mo fẹ́ kọ "orúnkún" lé e.

"Dúró ná," ni ìyá wí,
"èmi nìkan lo bi.
Orúnkún kan kì í ṣe Ìkìjà."

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà.